Ẹ̀rọ Hẹ̀n-ẹ̀n tí Bàbá Oníwáyà Ṣe

Kò sí ẹni tó mọ Bàbá Oníwáyà, tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa, tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ṣe nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àràárọ̀ ni ìyá àgbà yìí máa ń pè é lórí fóònù, tí á sì máa sọ̀rọ̀ títí tíì á fi di omi tútù níwájú Bàbá. Ni Bàbá bá gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan tó so mọ́ fóònù: "Hẹ̀n-ẹ̀n." "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi." "Ó dára bẹ́ẹ̀." Bí ìyá àgbà bá ti dákẹ́ láti mí, ẹ̀rọ á fèsì.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá àgbà fi bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ó ń sọ kiri pé àbúrò òun ti wá gbọ́n lọ́jọ́ ogbó, kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ó nawọ́ mú fóònù.

"Àbúrò mi, mo ti ṣubú. Mi ò lè dìde."

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

"Mo ní ìdí ń dùn mí bí ẹni pé ó ti kán."

"Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Aránṣọ tí ilé wọn jọ fara kanra ló wá gbé e. Kì í ṣe igbe ìrànlọ́wọ́ ló gbọ́. Èébú ló gbọ́. Ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ó bá fóònù lórí tábìlì tó ń dá sọ pé "Hẹ̀n-ẹ̀n", Bàbá sì wà níta, ó ń ṣàlàyé fún oníbàárà bí ẹ̀rọ ṣe máa tún ayé ṣe.

Kò ya ìyàwó Bàbá lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ yìí náà ló ra aago ọwọ́ tó ń ka oorun. Tí obìnrin náà bá ní, "Ojú yín pọ́n, ẹ ò sùn," Bàbá á wo ọwọ́. "Mo sùn. Wákàtí mẹ́jọ ló kọ síbí." Á wá máa tòògbé lọ síbi iṣẹ́.

Òun náà ló ṣe ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ló ń ṣí i. Ọ̀finkìn mú un, ohùn há, ilẹ̀kùn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó dúró sínú òjò, ó ń bẹ ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti inú ilé pé, "Ohùn ọkọ mi kọ́ nìyẹn. Ọkọ mi sì ní ká má ṣílẹ̀kùn fún àjèjì."

Orí bá ìyá àgbà ṣe é, egungun kò kán. Nígbà tó kúrò ní ọsibítù, Bàbá ṣe ẹ̀rọ mìíràn fún un: bọ́tìnnì kékeré kan tó ń gbé kọ́rùn. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, agogo á dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ká má parọ́, ẹ̀rọ yẹn wúlò. Ó yọ ìyá àgbà nínú ewu lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni agogo dún, ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni Bàbá sáré.

"Kí ló tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn ló máa wá."

Láti ọjọ́ kejì, Bàbá kì í dúró de agogo mọ́. Kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ lọ jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá àgbà á sọ̀rọ̀ títí, oorun á gbé Bàbá lọ. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, títí ikú fi mú àbúrò lọ ṣáájú ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí a lọ kí ìyá àgbà, aránṣọ bi í léèrè bóyá ó mọ̀ pé Bàbá kì í gbọ́ tó ìdajì ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

"Mo mọ̀," ni ìyá àgbà wí. "Mo máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kó má baà jí."