Ọkọ̀ Tó Ti Mọ́ Tónítóní

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn dísẹ́ẹ̀lì tó ń jó mọ́ ooru omi ọṣẹ, ọwọ́ mi máa ń wá ilẹ̀kùn.

Bàbá mi ní ẹ̀rọ ìfọkọ̀ kan ní àdúgbò Challenge, tó ń fi iná dísẹ́ẹ̀lì mú omi gbóná, tó sì ń tú u jáde tagbáratagbára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá mi ní kí n wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ oníbàárà kan, wọ́n yí gíláàsì sókè.

"Jókòó jẹ́ẹ́ o. Omi yìí á bó ẹ lára."

"Bàbá, ooru ń mú mi."

"Fara dà á, ọmọ mi."

Omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùlé. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu gíláàsì, mo sì rí màámi tí wọ́n gbé báàgì rù, tí wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Èkó.

"Màámi!"

Ariwo ẹ̀rọ bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Mo fa ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn kì í ṣí láti inú. Ọkọ̀ ti mọ́ tónítóní, síbẹ̀ bàbá mi ò dáwọ́ dúró.

Nígbà tó yá, wọ́n pa iná, wọ́n jẹ́ kí omi tútù gba inú páìpù kọjá kó má baà jó, kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Ojú wọn pọ́n. Mo rò pé èéfín ni.

Èmi náà ti bímọ kí n tó mọ̀ pé màámi ló bẹ bàbá mi pé kí wọ́n tì mí mọ́nú ọkọ̀, torí bí mo bá dì mọ́ àwọn láṣọ, àwọn ò ní lè lọ.

Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, mo sáré dé ẹ̀gbẹ́ títì. Bọ́ọ̀sì pọ̀ lọ súà, mi ò mọ èyí tí ǹ bá pè.