Orin Tí Akọ̀wé Ń Gbà Mọ́ Mi Létí

Omi ni mo dà sí rédíò onírédíò. Odindi garawa kan, lọ́sàn-án gangan, mo sì rò pé ilé ni mò ń gbà là.

Ọdún tí Minna di olú ìlú ìpínlẹ̀ tuntun ni. Àwọn akọ̀wé ìjọba ń ya wọ àdúgbò wa, Sabon Gari, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìlọrin, sì gba yàrá tó fara ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé wa, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ. Lọ́jọ́ náà, tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, ìyàwó akọ̀wé lọ sọ́jà, akọ̀wé gbé kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò rẹ̀, ó jáde lọ ra sìgá. Mo gbọ́ tí nǹkan ń kùn lẹ́yìn ògiri, tó ń gòkè bọ̀, tó ń ta pàrà. Mo ní wáyà ti ń jó. Mo sá jáde. Mo fi gbogbo aṣọ oníbàárà sílẹ̀, sísọ́ọ̀sì nìkan ni mo mú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rántí omi. Ìlẹ̀kùn akọ̀wé ṣí sílẹ̀, inú àpótí kan tó ń tanná ni ariwo náà ti ń wá. Mo dà á lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, orin ni," ni akọ̀wé wí nígbà tó dé, tí omi ń kán lára rédíò rẹ̀.

"Orin wo? Ta ló ń kọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́. Gìtá ni, àti dùùrù oníná. Ṣé wọn kì í gbọ́ rédíò nílùú yín ni?"

Mo ní nílùú tiwa, wọ́n máa ń pa á kí wọ́n tó jáde. Látìgbà náà, a ò kí ara wa mọ́.

Ó sá rédíò sóòrùn, ó jí. Bó bá ti ọ́fíìsì dé nírọ̀lẹ́, orin yẹn náà ni, kó lè bí mi nínú. Ó sì bí mi nínú, torí pé orin náà dùn. Kò sẹ́ni tó ń ki olówó nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbà mí níyànjú. Ìlù ń lọ gbì, gbì, ẹsẹ̀ mi ń bá a lọ lórí máṣíìnì. Mi ò rán ṣòkòtò tójú rírán rẹ̀ tọ́ báyẹn rí. Tó bá dé àárín, ìlù á dákẹ́, gìtá á dákẹ́, dùùrù oníná nìkan á máa gòkè, á máa gòkè, bí ẹni tó ru ẹrù tí kò rẹ́ni sọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni adùn wà. Èmi náà á mí kanlẹ̀.

Alárankàn ọmọ náà gbọ́ pé máṣíìnì mi ń tẹ̀lé ìlù. Ó wá ń pa á níbi tí dùùrù bá gòkè dé, kó tó sọ̀. Ẹsẹ̀ mi á dúró sófuurufú. Mo rán ọwọ́ ẹ̀wù kan mọ́ àpò nítorí ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀.

"Akọ̀wé, jẹ́ kó parí, àbí kí o má gbé e sí i mọ́."

"Ẹ̀yin tí ẹ da omi sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pa á. Ìwọ ń pa á lójoojúmọ́."

Ó ní rédíò òun ni, ibi tó bá wu òun lòun á ti pa á. Ìyàwó rẹ̀ dìde lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, ó na ọwọ́ kọjá rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì rédíò, orin náà tún bẹ̀rẹ̀.

"Haba, ẹ wọlé, ẹ jókòó, bàbá télọ̀," ló wí. "Látìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń jà, èmi náà ò gbọ́ ìparí ẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ra kásẹ́ẹ̀tì náà."