Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Má Wá Ta Ọsàn

Láti ìgbà tí Èkìtì ti gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀ lọ ni mo ti ń bó ọsàn lẹ́nu géètì pápá ìṣeré Àkúrẹ́. Títí irun mi fi funfun, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa kò gba ife líìgì. Àwọn kan ní Èkìtì ló kó ife náà mọ́ ẹrù lọ. Mo ní kí wọ́n lọ wò ó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Adó. A rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n ìlú tó bá ń pàdánù láti ọdún dé ọdún a máa wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ewúrẹ́ kan ni wọ́n kọ́kọ́ mú, torí pé ó gba àárín pápá kọjá lọ́jọ́ tí wọ́n nà wá. Wọ́n pa á jẹ. Lẹ́yìn náà ló kan bàbá tó ń fa ìlà funfun sí pápá. Wọ́n ní ọwọ́ òsì ló fi ń fà á, wọ́n lé e padà sí Ìlárá. Èmi náà dá sí i:

"Bàbá, bí ẹ bá délé, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun o!"

Ó wò mí, ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Wọ́n tún nà wá.

Ó wá di ọdún kan tí ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá ti borí ní Sátidé, ife di tiwa. Ní Ọjọ́rú, alága àwọn sọ́pọ́tà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, kó ọkùnrin mẹ́ta wá bá mi. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Àwọn tí kì í kí mi tí wọ́n bá ń ra ọsàn!

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá ní Sátidé."

"Ṣé ọsàn mi ló ń gbá pẹnáritì lọ sójú ọ̀run ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ẹ̀yin àti òfo yìí, ọdún kan náà lẹ jọ dé."

Ní Sátidé, mo lọ sílé àbúrò mi ní Oǹdó. Ìgbà tó tan rédíò ni ọ̀rọ̀ ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Bí wọ́n bá gba ife lẹ́yìn mi, àjẹ́ ni mí, mo sì ti kúrò lẹ́nu géètì nìyẹn títí ayé. Bí wọ́n bá pàdánù, mo bọ́. Bẹ́ẹ̀, èmi yìí fẹ́ ife náà ju alága lọ.

Wọn kò tíì gbá bọ́ọ̀lù náà jìnnà tí tiwa wọlé. Àbúrò mi fò sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ayọ̀ dé! Kí ló wá dé tí ojú yín rí bí ojú ẹni tí wọ́n jà lólè?"

Mo kúnlẹ̀ ti àga.

"Olúwa, jẹ́ kí wọ́n nà wá."

"Ta ni?"

"Àwa."

Ó dín ohùn rédíò kù, bí ìgbà tí òkú bá wà nínú ilé. Kò pẹ́, wọ́n gbá ọ̀kan sí wa láwọ̀n. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n gbá ìkejì. Gbogbo òfo àtẹ̀yìnwá tí wọ́n kà sí mi lọ́rùn, n kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Ti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, alága tún dọ̀bálẹ̀ níwájú àtẹ mi.

"Màámi, ẹ dárí jì wá. Ẹ̀yin kọ́."

Mo ń bó ọsàn lọ. Ó sún mọ́ mi, ó fi ẹnu júwe opó tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tó ń bá mi ṣọ́ ọjà bí mo bá lọ tọ̀.

"Ìgbà wo nìyẹn dé ibí?"

Ó yẹ kí n sọ pé àdúrà mi ni. Mo sọ ìgbà tó dé fún un.