Ọjọ́ Tí Wọ́n Rọ Sìdíkátù Lágbo

Láàárọ̀ yìí, nílé ọmọbìnrin mi ní Kotto, mo gbọ́ tí imú ọmọ tuntun rẹ̀ ń dún kùrù-kùrù. Ọ̀fìnkìn ti dí i. Ìyá ọmọ mú rọ́bà kékeré kan, ó fi fa ikun náà jáde, ọmọ sì sùn lọ. Èmi ni mi ò lè jókòó mọ́. Mo bọ́ síta.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹnu làwọn ìyá wa fi ń fa ikun ọmọ. Ìyá mi á fẹnu bo imú ọmọ, á fà á, á tutọ́ rẹ̀ dànù, á tún fà á. Àwa tí à ń wò ó là ń yínmú, òun kì í yínmú.

Bonabéri là ń gbé nígbà náà, létí odò Wouri nílẹ̀ àjèjì, nínú àgbàlá kan tí àwọn ará ilé wa tó ń ṣòwò lọ́jà kún inú rẹ̀. Ìgbà ọ̀dá owó tí wọ́n ń pè ní la crise ni. Ọjà kú, ilé ìwòsàn ò lóògùn, aláìsàn ló ń ra abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa fi gún un. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, àwọn tó ń bá ìjọba jà ti ti ìlú pa. Taxi kankan ò rìn, àwọn ọ̀dọ́ ń jó táyà lójú ọ̀nà, bàbá mi sì há sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Akwa, lódìkejì odò.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an lọ̀fìnkìn mú Sìdíkátù, àbúrò mi, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. Tó bá gbá ọmú mú, á tún jù ú sílẹ̀, á máa wá èémí. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, àgbà obìnrin tó gbẹ̀bí gbogbo wa, gbé àgbo lílọ́wọ́ọ́rọ́ dé. Bó ṣe ń rọ ọmọ nìyí: á tẹ́ ẹ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, á da àgbo sí i, á sì fìka dí i nímú. Ọmọ tó bá fẹ́ mí ní láti gbé e mì.

Ìyá mi ní, "Ìyá, imú rẹ̀ ti dí tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó mí ná."

"Àwọn tó ń sáré kiri yìí ńkọ́, ta ló rọ wọ́n?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ta ni yóò bá àgbà jiyàn?

Àgbo gba ọ̀nà òdì. Èémí sé ọmọ, ojú rẹ̀ dúdú. Yéè! Ìyá mi já a gbà, ó fẹnu fa imú, ó fa ẹnu, títí Sìdí fi ké igbe tín-ín-rín. A ní ó ti bọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ti ń mí. Ìyá mi pọ̀n ọ́n, a fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá Wouri. Àwọn ọmọkùnrin tó dínà rí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní, "Mami, pass, pass."

Ilé ìwòsàn ò jìnnà mọ́ nígbà tí ìyá mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì dúró. Ó ní, "Ó ti lọ."

Ẹni tó ń fọwọ́ rọ ọmọ kò pọ̀ mọ́, mi ò sì ní kó padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó máa ń ba abiyamọ bí imú ọmọ bá dí, ó wà níbẹ̀ síbẹ̀. Mo rí i lójú ọmọ mi láàárọ̀ yìí.

Látọjọ́ tí Sìdí ti kú, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ò rọ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá mi ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, àwọn méjèèjì ò sì lè wojú ara wọn. Ká ní ìkà ni obìnrin yẹn, ìyá mi ì bá rẹ́ni ṣépè fún. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Sìdí, gbogbo wa ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.