Àwọn Adìẹ Aràrá Ilé Káfíńtà

Ariwo ni gbogbo àdúgbò fi mọ ilé káfíńtà. Bí ayùn bá dákẹ́ níwájú ilé, àkùkọ á gbà á lẹ́yìnkùlé. Kì í ṣe adìẹ tí èèyàn ń pa jẹ ló ń sìn o. Adìẹ aràrá ni, kò tóbi ju ẹyẹlé lọ, dúdú minimini, tí ìyẹ́ wọn ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á.

Ọdọọdún ni wọ́n ń kó wọn lọ síbi ìpàtẹ, níbi tí àwọn onídàájọ́ ti ń gbé adìẹ yẹ̀ wò láti ogbe dé èékánná. Etí gbọ́dọ̀ funfun, kó rí rọ́bọ́tọ́ bíi bọ́tìnnì. Ogbe gbọ́dọ̀ fẹ̀ níwájú, kó rí ṣóńṣó lẹ́yìn. Bí wọ́n bá rí ìyẹ́ funfun kan ṣoṣo lábẹ́ apá, ọ̀rọ̀ bùṣe, adìẹ náà ti jábọ́ nìyẹn.

Káfíńtà ló ń kan àgò, òun náà ni wọ́n sì ń pè síta bí wọ́n bá gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ni ojú. Obìnrin náà á gbé òròmọdìẹ lé àtẹ́lẹwọ́, á wò ó síwá sẹ́yìn, á ní, "Baálé mi, ẹsẹ̀ eléyìí á gùn jù. Ẹ fi tọrẹ."

"Ọmọ àná? Kí lo rí lára ẹ̀?"

Bí adìẹ náà bá dàgbà tán, ẹsẹ̀ á gùn bíi ti lékeléke. Káfíńtà á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá bá obìnrin yìí jiyàn, ara ẹ̀ ló ń tàn jẹ."

Díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn kan wọ ìyàwó náà lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin ní orúkọ ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀. Dókítà ní iyè rẹ̀ ló ń ṣá, pé kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ọmọ wọn wá láti ìlú tó ń gbé.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n mú màmá lọ sọ́dọ̀ mi."

"Kí ó wá ku èmi nìkan pẹ̀lú adìẹ?" Káfíńtà kọ̀ jálẹ̀.

Ọdún náà gan-an ni àrùn lúkúlúkú wọ agbo adìẹ. Adìẹ ń kú bí ewé tó ń rẹ̀. Nígbà tí àrùn náà fi máa lọ, àgbébọ̀ mélòó kan àti àkùkọ kan ló ṣẹ́kù. Àmọ́ àkùkọ ọ̀hún! Bí ìpàtẹ ṣe ń sún mọ́lé, káfíńtà wẹ̀ ẹ́, ó fi aṣọ ìnura gbẹ ẹ́, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere bíi tàtijọ́.

"Baálé mi, èyí tí a ti ń wá láti ọjọ́ yìí rèé. Kò ní àbùkù kankan."

Ìpàtẹ ku ọ̀la nígbà tí káfíńtà lọ gbé ìlẹ̀kùn fún oníbàárà. Nígbà tó ń padà bọ̀ wálé, ẹnu ọ̀nà ló wà tí òórùn ọbẹ̀ ti pàdé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ lọ fọwọ́ yín. Iṣẹ́ ti jẹ ẹran ara yín tán, mo bá pa adìẹ fún yín."

Káfíńtà wo inú agbada tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ìyẹ́ dúdú ló kún inú rẹ̀. Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé: àgò àkùkọ ṣí sílẹ̀.

Ó padà wọlé, ó jókòó. Obìnrin náà gbé abọ́ síwájú rẹ̀.

"Kékeré ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́ran, àmọ́ mo rọra sè é dáadáa. Ṣé ó dùn?"

Ó ṣáà gbé e mì. "Ó dùn."

"Ẹ jẹ ẹ́ tán o."

Ó sì jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sunkún sórí èérún pákó.

Télọ̀ tí wọ́n jọ máa ń du ipò kìíní gbọ́, ó sáré wá. "Káfíńtà, wá mú àkùkọ kan lọ́dọ̀ mi. Tún agbo ẹ dá."

"O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Mo lè rí àkùkọ. Ta ló máa bá mi wo àwọn ọmọ tó bá bí?"

Télọ̀ lọ gbé agbọ̀n wá. Ó bá a kó àwọn àgbébọ̀ lọ sílé ara rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé sì dákẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìyàwó rẹ̀ á bi í pé, "Àkùkọ wa dà?"

"Mo ti gbé e lọ síbi ìpàtẹ. Ipò kìíní ló gbà."

"Ẹ ò rí i? Mo sọ fún yín!" Obìnrin náà á pàtẹ́wọ́. Káfíńtà náà á bá a pàtẹ́wọ́, á wá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó rò pé kò sí ohun tó lè dun òun ju ìbéèrè náà lọ. Àṣé ó wà. Nígbà tó yá, obìnrin náà ń jí, ó ń jókòó, ó ń wo ògiri, kò sì béèrè àkùkọ mọ́.