Iná Abẹ́ Àkìtàn

Ìjọba ìbílẹ̀ ló rán wa. Wọ́n ní ká wo àkìtàn Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, ká mọ èyí tó ṣeé tún lò nínú ìdọ̀tí ibẹ̀, torí ilẹ̀ tí wọ́n ń dà á sí ti ń kún. Èmi àti obìnrin kan tó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́, tí mo ń pè ní Àǹtí, la jọ lọ.

Ìkìrun la kọ́kọ́ dé. Èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń rú láàárín ọ̀rá omi àti èèpo iṣu, bẹ́ẹ̀ a ò rí iná. Mo bẹ Àǹtí pé ká yẹ ìdọ̀tí tó wà létí títì nìkan wò. Àǹtí ní òjò àná ti paná, wọ́n sì gun òkè ìdọ̀tí náà lọ. Mo tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí a fi ń tú ìdọ̀tí. Ooru ń gba abẹ́ bàtà mi wọlé.

Lójijì, ilẹ̀ yà, ẹsẹ̀ Àǹtí kan sì rì dé orúnkún. Wọn ò pariwo. Wọ́n rọra sọ pé, "Má sún mọ́ mi o. Iná wà nísàlẹ̀ yìí."

Gbogbo ara mi ní kí n sá. Ibi tí mo dúró sí gan-an ti ń rọ̀. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja, mo na ọ̀pá sí wọn. Wọ́n dì í mú, mo ń fà, mo ń pe Jésù. Bàtà wọn kù síbẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ yọ, awọ rẹ̀ ti bó. Ọ̀kadà ló gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ẹsẹ̀ náà padà jinná, ṣùgbọ́n kó tó jinná, èmi nìkan ni ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ rán lọ sí Inísà. Mo dé àkìtàn ibẹ̀, mo kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọjà ni mo wá yà sí. Mo bẹ àwọn ìyá ọlọ́jà pé kí n wo ìdọ̀tí wọn kí wọ́n tó dà á nù. Ohun tí mo ṣe ní Òkukù náà nìyẹn. Èèpo oúnjẹ ló pọ̀ jù, ó ṣeé sọ di ajílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ike àti agolo tí àwọn kan ń rà.

Àwọn ará Òkukù gbà láti máa kó èèpo lọ́tọ̀, ike lọ́tọ̀. Ti Inísà kò tíì gbà. Mo ṣì ń padà lọ bẹ̀ wọ́n, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọn ò bá gbà, orí àkìtàn ni ọ̀gá á tún rán mi lọ láti lọ ṣa ìdọ̀tí wọn.