Ọwọ́ Mi Lábẹ́ Híjáàbù

Mo rántí ìgbà tí ojú ọkùnrin kan kò kúrò lára ọwọ́ ọ̀tún mi, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà kò sí ní gbangba, abẹ́ híjáàbù ló wà. Gbọ̀ngàn ìdánwò kan ní Ìkòròdú ni. Bàbá mi ló mú mi wá láti Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ilé ìwé kan fẹ́ gba ọmọ ilé kéwú kan ṣoṣo tí yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi jáde. Apẹja ni bàbá mi, àwa ọmọ sì pọ̀. Bí n kò bá yege, ìdí ẹja yíyan ni màmá mi ti ń retí mi. Kí a tó kúrò nílé, màmá mi ti kìlọ̀ fún mi pé páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí n má sì gba bírò lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀. Mo fura sí gbogbo èèyàn débi pé n kò rántí pé àwọn náà lè fura sí mi.

Ààfáà wa ló kọ́ wa láti máa fi oríkèé ìka ṣe àsíkìrì, ìyẹn kíka ìyìn Ọlọ́run, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí tẹ̀sùbáà kò bá sí lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà ìṣirò tèmi. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá méje pín nọ́ńbà kan láìṣẹ́kù, màá máa ka ìlọ́po méje: àtàǹpàkò mi á tẹ oríkèé kan fún méje, òmíràn fún mẹ́rìnlá, títí n ó fi bá nọ́ńbà náà pàdé tàbí kí n ré e kọjá. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà lójú ara mi nígbà náà. Ojú ń tì mí kí àwọn ọmọ Ìkòròdú rí i pé mo ṣì ń fi ìka ṣírò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ni mo bá fi ọwọ́ pamọ́.

Ìbéèrè kan ní ká sọ bóyá mẹ́tàléláàádọ́fà jẹ́ práìmù, ìyẹn nọ́ńbà tí nǹkan kan ò lè pín láìṣẹ́kù àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀. Mo dé oríkèé kẹrìndínlógún, ìlọ́po méje ti di méjìléláàádọ́fà, ó ku ẹyọ kan, nígbà tí òjìji olùṣọ́ ìdánwò bo ìwé mi.

“Kí ló wà lábẹ́ híjáàbù ẹ?”

“Ọwọ́ mi ni, sà.”

“Kí ni ọwọ́ ọ̀hún ń ṣe?”

Mo túbọ̀ fa ọwọ́ náà sínú. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn mi, tó ti rí orúkọ ìlú mi lórí ìwé mi, rẹ́rìn-ín, ó ní àwọ̀n ti mú ẹja Ẹ̀pẹ́. Olùkọ́ obìnrin kan mú mi lọ sẹ́yìn pátákó, ó yẹ̀ mí wò, kò rí bébà kankan. Mo rò pé ó ti parí. Olùṣọ́ náà ní àwọn tó ń gbé ìdáhùn wọlé lóde òní gbọ́n, wọ́n lè ti gbé e mì. Èmi náà ń fura sí i: lọ́kàn mi, híjáàbù mi ló ń bí i nínú, ohun tí yóò fi ya ìwé mi ló kàn ń wá. Mo ń ka Fátíhà sínú. Nígbà tí ojú ti tì mí tán, mo sọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.

Ó ní kí n gbé ọwọ́ náà sórí tábìlì. “Mẹ́tàlélógóje ńkọ́? Ṣé práìmù ni?”

Mo gbé àtàǹpàkò lé oríkèé àkọ́kọ́. Méjì ò pín in, ẹ̀ta ò pín in, márùn-ún náà ò pín in. Ìlọ́po méje dé ogóje, ó ku mẹ́ta. Mo ti lanu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n tó rántí pé mọ́kànlá lọ́nà mọ́kànlá, mọ́kànlélọ́gọ́fà péré ni. Kò tíì ré mẹ́tàlélógóje kọjá, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ dán mọ́kànlá náà wò. Mo tún bẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo wọn, oríkèé kan fún mọ́kànlá. Ní ìkẹtàlá, ó bá a mu géérégé.

“Rárá, sà. Mọ́kànlá lọ́nà mẹ́tàlá ni.”

Kò yìn mí, kò sì bẹ̀ mí. Ó ní kí n jókòó, kí ọwọ́ mi má kúrò lórí tábìlì, ó sì dúró sẹ́yìn mi títí agogo fi lù.

Alihamudulilahi, èmi ni ilé ìwé náà mú. Lónìí, èmi náà ń ṣọ́ ìdánwò. Mo ti fa bébà yọ nínú sọ́kì, nínú fìlà, nínú híjáàbù pàápàá. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, n kò sì lè pè wọ́n nírọ́. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn gbà mí gbọ́, tàbí kò kàn rí nǹkan dì mú ni. Bí mo bá rántí ẹ̀rín inú gbọ̀ngàn yẹn, inú ṣì máa ń bí mi sí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ì bá ti ya ìwé mi láìbéèrè ohunkóhun. Ọlọ́run ló fi ìbéèrè sí i lẹ́nu kí ìwé mi tó dé ọwọ́ rẹ̀.